Táyà Ìgbà Òtútù: Ta Ló Ń San Owó Rẹ̀?

Ẹni tó ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bo títì fún oṣù mélòó kan yóò bi ara rẹ̀ pé: ṣé dandan ni kí n ra táyà mẹ́rin mìíràn, kí n sì máa pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún? Ní Fínláǹdì, níbi tí ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Nokian lónìí ti ṣe irú táyà bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1934, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Kò yà wá lẹ́nu: ẹrù tó bá há sínú yìnyín, owó ló ń ṣòfò. Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé lọ́dún 1936.

Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó kéékèèké mọ́ táyà. Ìṣó náà ń di yìnyín mú, ṣùgbọ́n níbi tí yìnyín kò bá sí, ọ̀dà títì ló ń họ. Ní ìlú Sendai ní Japan, eruku ọ̀dà yìí di ìyọnu fún gbogbo ìlú. Ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́, ká má tíì sọ mọ́tò, ń fà á símú. Lọ́dún 1990, ìjọba Japan ṣòfin lòdì sí i. Táyà aláìníṣòó, tí rọ́bà rẹ̀ kì í le gan-an nínú òtútù, ló rọ́pò rẹ̀.

Lójú tiwa, owó táyà òtútù tó ó san. Èyí tó wà nílé kì í jẹ, ọkọ̀ tí kò sì lè dúró lórí yìnyín, kì í ṣe awakọ̀ nìkan ló ń ṣe léṣe. Québec ní Kánádà sọ ọ́ di dandan lọ́dún 2008. Ní 2019, wọ́n mú ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrò ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá bọ́ sí ọjọ́ kìíní.