Mancunian: Ọ̀rọ̀ Tí Àṣìkọ Bí

Bí a bá fẹ́ sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ẹnì kan tàbí ohun kan jẹ́ ti ìlú Manchester, Mancunian ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí a ń lò. Ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ jọ orúkọ ìlú tí ó ń ṣojú fún. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àṣìkọ ló bí i.

Ní nǹkan bí ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Krístì ni àwọn ọmọ ogun Róòmù kọ́ odi kan sí ìtòsí ibi tí odò Medlock ti ń wọ odò Irwell, ní àdúgbò tí à ń pè ní Castlefield lónìí. Mamucium ni orúkọ tí a gbà pé ó tọ̀nà fún odi náà. Àlàyé tí ó gbajúmọ̀ jùlọ ni pé ó wá láti inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Britain àtijọ́ fún ọmú, nítorí bí òkè ibẹ̀ ṣe rí. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá: bí ilẹ̀ ṣe rí ló fún Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn náà ní orúkọ. Ara Mamucium ni Mamecestre inú ìwé Domesday ti ọdún 1086 ti jáde, kí ó tó di Manchester.

Ṣùgbọ́n nínú Antonine Itinerary, ìwé ìrìn-àjò Róòmù tí ó tẹ̀ wá lọ́wọ́ nípasẹ̀ àwọn adàwékọ, ọ̀nà méjì ni orúkọ náà gbà hàn: Mamucio níbì kan, Mancunio níbòmíràn. Èkejì ni àwọn òpìtàn wá dì mú. William Camden mẹ́nu bà á nínú Britannia ní 1586. John Whitaker lò ó nínú ìtàn Manchester tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1771. Ibẹ̀ ni Mancunian ti wá. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn tí ó gbọ́ Látìnì ni. Nígbà tí òwú sọ ìlú náà di ọlọ́rọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, “Manchester man” ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, oníṣòwò ni wọ́n sì sábà ní lọ́kàn.

Ní ọ̀rúndún ogún, ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé yìí di ti gbogbo ènìyàn. Ní 1967, Mancunian Way ni wọ́n sọ ọ̀nà márosẹ̀ tí ó gba àárín ìlú kọjá. Ó ń tọ́ka sí ọmọ bíbí ìlú àti ẹni tí ń gbé ibẹ̀ bákan náà. Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀: Ìjẹ̀bú tí ó ti pẹ́ ní Ìbàdàn jẹ́ ará Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kí a tó pè é ní ọmọ Ìbàdàn, a óò béèrè agbo ilé baba rẹ̀.

Síbẹ̀, orúkọ tí ó gba gbogbo ènìyàn mọ́ra kò ní kí ìlú gbà wọ́n. Ní Clayton, ní Manchester, ni wọ́n bí Len Johnson sí ní 1902. Ará Sierra Leone ni baba rẹ̀. Ó di ògbóǹtarìgì nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ṣùgbọ́n kò lè du ipò akọni ilẹ̀ Britain, nítorí òfin ìgbà náà, tí kò kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1948, béèrè pé kí òbí méjèèjì jẹ́ aláwọ̀ funfun. Ní oṣù October 1945, ó wà ní Àpérò Karùn-ún ti Pan-Africa ní gbọ̀ngàn Chorlton-on-Medlock, níbi tí Kwame Nkrumah àti Jomo Kenyatta péjú sí. Ní 1953, ilé ọtí kan ní Hulme kọ̀ láti ta ọtí fún un. Ó jà títí wọ́n fi yí ìpinnu náà padà.

Orúkọ Yorùbá fúnra rẹ̀ rin irú ọ̀nà yìí. Àwọn ará àríwá ni wọ́n fi ń pe àwọn Ọ̀yọ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ìwé míṣọ́nnárì, títí kan ìwé ọ̀rọ̀ tí Samuel Ajayi Crowther tẹ̀ jáde ní 1843, fi bẹ̀rẹ̀ sí í nà án dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì. Nítorí náà, ọmọ tí a bí ní Moss Side, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú, ń jẹ́ orúkọ méjì tí kì í ṣe àwọn tí ń jẹ́ wọn ló kọ́kọ́ sọ wọ́n. Bí ó bá pe ara rẹ̀ ní Yorùbá àti Mancunian pọ̀, kò ta ko ìtàn èyíkéyìí nínú méjèèjì.