Angella Okutoyi: Bí ẹni tó wà lẹ́yìn ipò 500 lágbàáyé ṣe gba wúrà tẹ́nìsì ní Accra

Nígbà tí ìdíje eré ìdárayá gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà wáyé ní Accra lóṣù Kẹta ọdún 2024, orúkọ kan ló tóbi jù lọ láàrin àwọn obìnrin tó wá ta tẹ́nìsì níbẹ̀. Orúkọ náà ni Mayar Sherif, ọmọ Íjíbítì, tó wà láàrin ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ lágbàáyé, tó sì ti gba wúrà ìdíje yìí kan náà rí.

Ṣùgbọ́n ọrùn ẹlòmíràn ni wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ wúrà náà kọ́.

Angella Okutoyi, ọmọ ogún ọdún láti Kenya, tí ipò rẹ̀ lágbàáyé ti kọjá 500 lásìkò náà, ló fẹ̀yìn Sherif gbálẹ̀ ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Nínú àṣekágbá, ó tún borí ọmọ Íjíbítì mìíràn, Lamis Alhussein Abdel Aziz, nínú ìdíje tó gba sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta gbáko.

Láti ọdún 1978 ni Kenya ti ń retí irú wúrà bẹ́ẹ̀ nínú tẹ́nìsì. Síbẹ̀, ìlẹ̀kùn tí wọ́n sọ pé wúrà náà yóò ṣí fún Okutoyi, èyí tí í ṣe ìdíje Olympics ní Paris, kò ṣí tán. Àlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ rèé, àti ìdí tó fi kan gbogbo ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń di rákẹ́ẹ̀tì mú.

Irú ìdíje wo ló wáyé ní Accra?

Ọdún 1965 ni ìdíje eré ìdárayá ilẹ̀ Áfíríkà kọ́kọ́ wáyé, ní Brazzaville. Nàìjíríà ti gbà á lálejò lẹ́ẹ̀mejì, ní Èkó lọ́dún 1973 àti ní Abuja lọ́dún 2003. Ti ọdún 2024 yìí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Ghana yóò gbà á.

Ọdún 2023 ló yẹ kí ó wáyé, orúkọ ọdún náà ló sì ń jẹ́ títí di òní, ṣùgbọ́n wọ́n sún un síwájú. Láti ọjọ́ kẹjọ sí ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹta ọdún 2024 ni àwọn eléré ìdárayá fi pàdé ní Accra, Kumasi àti Cape Coast. Íjíbítì ló gba àmì ẹ̀yẹ tó pọ̀ jù, Nàìjíríà sì ṣe ipò kejì.

Gbọ̀ngàn eré ìdárayá tuntun tí ìjọba Ghana kọ́ sí Borteyman, ní ẹ̀gbẹ́ Accra, wà lára àwọn ibi tí wọ́n pèsè fún ìdíje náà, ó sì ní pápá tẹ́nìsì tirẹ̀.

Ta ni Angella Okutoyi?

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 2004 ni wọ́n bí Okutoyi. Ìbejì ni. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó bí òun àti ìkejì rẹ̀, ìyá àgbà ló sì tọ́ àwọn ọmọ náà dàgbà ní Nairobi. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni ìyá àgbà yìí ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ kan, owó oṣù náà ló sì fi ń bọ́ wọn.

Tẹ́nìsì kì í ṣe eré olówó pọ́ọ́kú. Rákẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù, bàtà, olùkọ́ni àti owó ọkọ̀ òfuurufú, gbogbo rẹ̀ ló ń gba owó. Láti kékeré ni Okutoyi ti ń ta á, àjọ tẹ́nìsì àgbáyé, ITF, sì wà lára àwọn tó dìde láti ràn án lọ́wọ́.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ó di ọmọbìnrin àkọ́kọ́ láti Kenya tó borí nínú ìdíje Grand Slam ti àwọn ọ̀dọ́, nígbà tí ó dé ìpele kẹta ní Australia. Ní oṣù Keje ọdún náà, òun àti Rose Marie Nijkamp láti Netherlands gba ife ẹ̀yẹ àwọn ọmọbìnrin tó ń ta á ní méjì-méjì ní Wimbledon. Kò sí ọmọ Kenya kankan tó gba ife Grand Slam ṣáájú rẹ̀.

Àwọn ọmọ Canada méjì, Kayla Cross àti Victoria Mboko, ni wọ́n borí lọ́jọ́ náà. Mboko yìí, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Congo wá, ló gba ife ìdíje àgbà ní Montreal lóṣù Kẹjọ ọdún 2025, lẹ́yìn tí ó borí Naomi Osaka nínú àṣekágbá.

Kí ló dé tí bíborí Sherif fi jẹ́ ìyàlẹ́nu?

Mayar Sherif kì í ṣe ẹni tí a ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Lọ́dún 2019, òun ló gba wúrà ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Rabat, wúrà náà ló sì gbé e dé Olympics ti Tokyo. Lọ́dún 2021, ó di obìnrin àkọ́kọ́ láti Íjíbítì tó borí nínú ìpele gbogboogbò Grand Slam.

Lọ́dún 2022, ó gba ife WTA ní Parma lẹ́yìn tí ó borí Maria Sakkari ti ilẹ̀ Gíríìsì. Lọ́dún 2023, ó gòkè dé ipò 31 lágbàáyé. Ẹni tó wá gbèjà wúrà ara rẹ̀ ni Okutoyi pàdé ní Accra, tó sì dá a dúró.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò ipò lágbàáyé?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn méjèèjì ṣe gbòòrò tó, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ka máàkì. Máàkì tí ẹni kọ̀ọ̀kan kó jọ láàrin ọ̀sẹ̀ 52 ni wọ́n fi ń gbé e sí ipò. Bí ọ̀sẹ̀ tuntun bá ti ń wọlé ni máàkì ọ̀sẹ̀ tó ti pé ọdún ń bọ́ kúrò. Nítorí náà, ẹni tó bá jókòó sílé nítorí àìsàn tàbí àìlówó yóò máa já wálẹ̀ ni.

Ìdíje tó kéré jù lọ fún àwọn obìnrin ni èyí tí wọ́n ń pè ní W15, nítorí pé $15,000 ni àpapọ̀ owó tí wọ́n ń pín níbẹ̀. Ẹni tó bá gba ife rẹ̀ yóò rí máàkì 15 àti owó tó lé díẹ̀ ní $2,000. Nínú owó yìí ni yóò ti yọ owó ọkọ̀ òfuurufú, ilé ìtura àti oúnjẹ.

Ẹ fi èyí wé Grand Slam, níbi tí ẹni tó bá gba ife ti ń gba máàkì 2,000, tí ẹni tó pàdánù ní ìpele àkọ́kọ́ pàápàá ń gba 10. Ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko tí ẹni kan fi ń borí ní W15 kò fi bẹ́ẹ̀ ju pípàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Wimbledon lọ.

Ìṣòro mìíràn ni ibi tí àwọn ìdíje kéékèèké yìí wà. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Monastir ní Tunisia àti Sharm El Sheikh ní Íjíbítì ni wọ́n pọ̀ sí jù, níbi tí wọ́n ti ń wáyé lemọ́lemọ́. Ọmọ Cairo lè wọ ọkọ̀ lọ, kí ó sì padà sílé. Ọmọ Accra, Èkó tàbí Cotonou ní láti wá físà àti owó ọkọ̀ òfuurufú kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù kan. Ẹ ó wá rí i pé nọ́ḿbà 500 kì í fi ìgbà gbogbo sọ bí ẹnì kan ṣe mọ eré tó. Nígbà mìíràn, iye ìdíje tí àpò rẹ̀ gbé e dé ló ń sọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìwé ìrìnnà Paris?

Gẹ́gẹ́ bí òfin ìyege fún Olympics ọdún 2024, àyè kan wà fún ẹni tó bá gba wúrà tẹ́nìsì obìnrin ní Accra. Ṣùgbọ́n òfin náà ní ìrù: ẹni náà gbọ́dọ̀ wà láàrin 400 àkọ́kọ́ lágbàáyé ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà ọdún náà.

Okutoyi gba wúrà, ó sì ku nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ọjọ́ náà pé. Ó ní láti gòkè ju ọgọ́rùn-ún ipò lọ láàrin àkókò yẹn, nígbà tí ó tún jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Auburn, ní ìpínlẹ̀ Alabama, Amẹ́ríkà. Kò rí i ṣe, kò sì sí lára àwọn tó ta tẹ́nìsì ní Paris.

Àwọn tó ń gbèjà òfin náà lè sọ pé Olympics kò gbọdọ̀ gba ẹni tí kò tíì tó gbangba á sùn lọ́yẹ́. Àwọn mìíràn lè béèrè pé, bí ẹni náà bá ti borí ẹni tó wà láàrin ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ lójú gbogbo ayé, ẹ̀rí wo ni wọ́n tún ń wá?

Ǹjẹ́ irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí?

Ó ti ṣẹlẹ̀, àwọn àgbààgbà tó wo Wimbledon lọ́dún 1983 kò sì lè gbàgbé Nduka Odizor. Èkó ni wọ́n bí i sí. Ní ìpele àkọ́kọ́, ó pàdé Guillermo Vilas ti Argentina, ẹni tó ti gba Grand Slam mẹ́rin, tí wọ́n sì tò sí ipò kẹrin nínú ìdíje náà. Vilas gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́. Odizor gba mẹ́ta tó kù, ó sì ń bá a lọ títí dé ìpele kẹrin.

Ẹni tó dá a dúró níbẹ̀ ni Chris Lewis ti New Zealand, tí òun náà kò ju ẹni 91 lágbàáyé lọ. Lewis dé àṣekágbá, kí John McEnroe tó borí rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Odizor gba ife ní Taipei, ó sì dé ipò 52 lágbàáyé lọ́dún 1984. Òun àti Tony Mmoh ló ṣojú Nàìjíríà ní Olympics ti Seoul lọ́dún 1988.

Ogún náà kò tán síbẹ̀. Lọ́dún 2023, Michael Mmoh, ọmọ Tony, tó ń ta á fún Amẹ́ríkà, ti pàdánù nínú ìdíje ìyege ní Australia. Wọ́n pè é padà nígbà tí ẹlòmíràn fà sẹ́yìn, ó sì borí Alexander Zverev ní ìpele kejì.

Láìpẹ́ yìí, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Valentin Vacherot ti Monaco, ẹni 204 lágbàáyé, gba ife ńlá ní Shanghai lẹ́yìn tí ó borí Novak Djokovic lọ́nà. Ọ̀sẹ̀ kan yẹn gbé e dé ipò 40. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin òun àti Okutoyi rèé: ìdíje Shanghai ní máàkì rẹpẹtẹ nínú, wúrà lọ́rùn sì yàtọ̀ sí máàkì.

Ọ̀nà wo ló ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́?

Bí ẹ bá wo ìtàn àwọn ènìyàn wọ̀nyí dáadáa, ẹ ó rí okùn kan tó so wọ́n pọ̀. Odizor gba Yunifásítì Houston kọjá. Sherif gba Pepperdine, ní California. Okutoyi lọ sí Auburn. Oyinlomo Quadre, ọmọ Nàìjíríà, gba Florida International University.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ń fún eléré ìdárayá ń pèsè ilé, oúnjẹ, olùkọ́ni àti pápá fún ọmọ tí kò ní olówó lẹ́yìn. Bí eré náà kò bá sì so èso, ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́. Ohun tí ó ń gbà padà ni àkókò: ẹni tó ń ṣojú ilé ẹ̀kọ́ kò lè máa lé máàkì káàkiri ayé bí ó ti wù ú.

Ọ̀nà kejì ni kí ìdíje pọ̀ sí i nítòsí ilé. Èkó ti ń gba ìdíje àgbáyé lálejò ní ọgbà Lagos Lawn Tennis Club ní Oníkàn. Accra náà ti ní pápá tuntun ní Borteyman. Bí irú àwọn pápá bẹ́ẹ̀ bá ń gba W15 lálejò nígbà gbogbo, ọmọ Ìbàdàn, Kumasi tàbí Lomé lè bẹ̀rẹ̀ sí í kó máàkì láìjẹ́ pé ó ta ilé tàbí ilẹ̀ kí ó tó rìnrìn àjò.

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Okutoyi kò wo ẹnu àáké ní Accra. Bí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yóò bá rí oyin náà jẹ, ẹlòmíràn ní láti bá wọn ra àáké.