Àmì Ìtìjú: Bí Wọ́n Ṣe Kọ́ Ọmọdé ní Èdè Faransé

Ìwé méjì ni ó mú mi yan orí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Bernard Dadié, ọmọ ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ni ó kọ èkíní, Climbié, tí ó jáde ní 1956. Pierre-Jakez Hélias, ọmọ ilẹ̀ Bretagne ní ìwọ̀-oòrùn Faransé, ni ó kọ èkejì, Le Cheval d'orgueil, tí ó jáde ní 1975. Òkun ni ó wà láàárín àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì yìí. Síbẹ̀, ohun kan náà ni a bá pàdé nínú ìwé wọn: àmì tí wọ́n ń gbé fún ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé-ìwé.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Àmì náà lè jẹ́ igi, bàtà onígi, tàbí ohun mìíràn tí kò níláárí. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ èdè ìbílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni yóò gbà á. Kí ó tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi kí òun náà dẹtí sílẹ̀ títí yóò fi gbọ́ ẹlòmíràn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó sì gbé e fún un. Ẹni tí àmì bá kù sí lọ́wọ́ nígbà tí ilé-ìwé bá fẹ́ parí ni yóò jìyà. Ìyà yìí nìkan kọ́ ni ó burú níbẹ̀. Àmì ń sọ ọmọdé di amí lórí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo orísun ọ̀rọ̀ náà. Ní 1539, Ọba François Kìíní pàṣẹ ní Villers-Cotterêts pé Faransé ni kí wọ́n máa fi kọ ìwé ilé-ẹjọ́ àti ti ìjọba, dípò Látìn. Àṣẹ náà kò dé ẹnu àwọn àgbẹ̀. Nígbà tí Àlùfáà Grégoire jábọ̀ ìwádìí rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1794, lẹ́yìn tí wọ́n ti lé ọba wọn kúrò, ó ní ó kéré tán mílíọ̀nù 6 ará ilẹ̀ náà ni kò gbọ́ Faransé, àwọn tí ó sì ń sọ ọ́ dáadáa kò ju mílíọ̀nù 3 lọ. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí wọ́n pa àwọn èdè ìbílẹ̀ run. Nígbà tí òfin Jules Ferry ti 1881 àti 1882 sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ àti dandan, ilé-ìwé ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́.

Ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ wọn nílé ni wọ́n gbé wá bá wa. Ní 1924, Gómìnà-Àgbà Jules Carde fi òfin dè é pé olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi èdè ìbílẹ̀ bá akẹ́kọ̀ọ́ lò ní àwọn ilé-ìwé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Faransé. Òfin yìí kan àwọn ará wa ní Kétu, tí àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti 1889 yà kúrò lára Ìmẹ̀kọ.

Ṣùgbọ́n kí a má fi Faransé nìkan ṣe ẹlẹ́bi. Ní ilé-ìwé tí mo lọ ní kékeré, ní Nàìjíríà níhìn-ín, wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tí ó bá sọ Yorùbá, olúwarẹ̀ a sì san owó ìtanràn. Mo san án rí. Mo sì kọ orúkọ ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìtìjú ti èkejì yìí kò tíì kúrò lára mi.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé àmì náà kò ṣiṣẹ́ ni? Dadié ṣáà fi Faransé kọ̀wé tí ó dùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èdè Breton ni Hélias kọ́kọ́ fi kọ ìwé tirẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ tó tú u sí Faransé. Èdè méjèèjì gba orí kan ṣoṣo láìjà. Àwọn òbí tí ìtìjú náà ti wọ̀ lára ni kò fi èdè wọn lé ọmọ lọ́wọ́ mọ́. Lónìí, UNESCO ka Breton mọ́ àwọn èdè tí ó wà nínú ewu ńlá.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n sì ṣe dáadáa nínú iṣẹ́ yòókù.

Ní 1998 ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà fi Faransé sí ipò èdè ìjọba kejì. Èmi kò lòdì sí kíkọ́ ọ. Gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó bá wa pààlà lórí ilẹ̀ ni ìjọba Faransé ti tẹsẹ̀ dé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí olùkọ́ gba inú Yorùbá mú ọmọ dé inú Faransé, kí a sì ju àmì náà nù. Ọmọ tí a fi ojú tì kúrò nínú èdè ìyá rẹ̀ yóò kọ́ èdè kejì lóòótọ́. Yóò sì kọ́ bí a ti ń fi ọ̀rẹ́ ẹni sùn pẹ̀lú.