Bí wọ́n ṣe rí ìdí rọpárọsẹ̀

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n gbé ìyá àgbà kan wá tí ẹnu rẹ̀ ti wọ́, tí apá rẹ̀ kan ò ṣeé gbé mọ́. Ọjọ́ kẹta nìyẹn tó ti ṣubú. Wọ́n ní ayé ló ta á lọ́fà, wọ́n kọ́kọ́ ń wá ẹni tó ta á. N ò bá wọn jà. Àwọn dókítà òyìnbó pàápàá, ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ ìdí rẹ̀.

Ní 1658 ni Johann Jakob Wepfer, dókítà ará Switzerland, kọ ọ́ sínú ìwé pé inú orí ni rọpárọsẹ̀, tí à ń pè ní AVC, ti ń wá: iṣan ẹ̀jẹ̀ lè bẹ́ nínú ọpọlọ, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sì lè dí. Ti ọ̀nà tó dí ló pọ̀ jù. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn oníwàdìí rí i pé bí ọ̀nà bá dí, kì í ṣe gbogbo ibẹ̀ ló ń kú lẹ́ẹ̀kan náà. Àárín á kú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì ń retí ẹ̀jẹ̀. Ó dà bí ààrò tó ń kú lọ, tí ẹyín iná ṣì wà lábẹ́ eérú: bí ẹ bá tètè fẹ́ ẹ, á ràn.

Bí wọ́n ṣe wá oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì nìyẹn. Ní 1995, wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà lára àwọn tí wọ́n rí láàárín wákàtí 3. Ó ṣiṣẹ́. Ní 2008, wọ́n sún un dé wákàtí 4 àtààbọ̀. Ṣùgbọ́n ó lè pa ẹni tí iṣan tirẹ̀ bẹ́, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi skánà ya orí. Ó tún wọ́n, kò sì sí láwọn ilé ìwòsàn kéékèèké wa.

Èyí tó wù mí jù, ọ̀dọ̀ tiwa níbí ló wà. Láti 1973 dé 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú nílùú Ìbàdàn sílẹ̀. Láti 2014 dé 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó 2,118 aláìsàn jọ ní Nàìjíríà àti Gánà, wọ́n wá iye kan náà tí kò ní in láti fi wé wọn. Tension ló gba iwájú. Iyọ̀ tí à ń bù kún oúnjẹ tó ti jinná wà níbẹ̀, àìjẹ ẹ̀fọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ̀fọ́, tí ẹ kì í mú un relé, ṣé ẹ gbọ́?

Bí ẹnu ẹnìkan bá wọ́ lójijì, tí apá kan bá rọ, tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ má fi àgbo sí i lẹ́nu, ó lè pá a lórí. Ẹ wo agogo, kí ẹ wá ọkọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí a máa bi yín ni: aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀? Lọ́jọ́ ìyá àgbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè dáhùn.