Bébà Kì í Purọ́ Ọjọ́ Orí: Ìtàn Pósítà Ogun àti Àtúntẹ̀ Rẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1796, Alois Senefelder ní ìlú Munich, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ṣàwárí pé èèyàn lè fi ohun ọlọ́ràá yàwòrán sórí òkúta ẹfun, kó fi omi rin ín, kó sì fi yíǹkì pa á: ibi tí ọ̀rá wà nìkan ni yíǹkì yóò lẹ̀ mọ́. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní òkúta tirẹ̀, àwòrán ńláńlá sì ń jáde lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Báyìí ni pósítà ṣe gba ìgboro.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1914, rédíò kò tíì wọ ilé. Ara ògiri ni ìjọba ti ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ní London, Alfred Leete ya Kitchener, mínísítà ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó na ìka sí òǹwòran. Èèpo ìwé ìròyìn London Opinion ló kọ́kọ́ gbé e, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Lọ́dún 1917, Amẹ́ríkà tẹ Uncle Sam, bàbá arúgbó tó dúró fún orílẹ̀-èdè náà, tí James Montgomery Flagg yà lọ́nà kan náà. Ẹ̀dà rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 4 kí ogun tó parí. Láti mọ ojúlówó yàtọ̀ sí àtúntẹ̀ lónìí, fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wo iṣẹ́ orí òkúta: ìlà rẹ̀ rí gbágungbàgun, bí ọwọ́ ayàwòrán ṣe fà á gan-an. Àtúntẹ̀ òde òní ti gba ojú kámẹ́rà kọjá, àwọn àmì kéékèèké roboto ló sì para pọ̀ di àwòrán rẹ̀.

Nígbà ogun Hitler, ẹ̀rọ ọ́fúsẹ́ẹ̀tì, èyí tó máa ń ti ojú kámẹ́rà gba àwòrán, ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ òkúta, nítorí náà ojúlówó pàápàá lè ní àmì roboto. Ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ pariwo ayédèrú ti yára jù. Kó wo ìsàlẹ̀ bébà: àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ sábà máa ń ní orúkọ ilé ìtẹ̀wé ìjọba, ọdún àti nọ́ńbà ní wínníwínní. Wọ́n tún máa ń ṣẹ́ wọn po kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ìlà ìṣẹ́po ara wọn, ẹ̀rí ni, kì í ṣe àbùkù.

Lẹ́yìn ogun, bébà fúnra rẹ̀ yí padà. Láti nǹkan bí ọdún 1950 ni wọ́n ti ń po kẹ́míkà tó ń mú un funfun kinkin mọ́ ọn. Tan iná tí báńkì fi ń yẹ owó wò sí i nínú òkùnkùn: bébà tí wọ́n po kẹ́míkà mọ́ á tàn yanran pẹ̀lú àwọ̀ búlúù, ti ìgbà ogun á ṣú. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àwọn oníjìbìtì ń fi tíì pa bébà láró kó lè dà bí ohun àtijọ́, ṣùgbọ́n iná yìí kò mọ tíì.

Àtúntẹ̀ ló sọ pósítà méjì di ìlúmọ̀ọ́ká. J. Howard Miller ya «We Can Do It!» fún ilé iṣẹ́ Westinghouse ní Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò lára ògiri ilé iṣẹ́ wọn lóṣù Kejì ọdún 1943, ẹnikẹ́ni kò sì rántí rẹ̀ mọ́ títí di àwọn ọdún 1980. «Keep Calm and Carry On» ńkọ́? Nǹkan bí mílíọ̀nù 2.5 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lọ́dún 1939, wọ́n tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ burúkú, wọ́n sì lọ ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ padà di bébà mìíràn. Ọdún 2000 ni ilé ìtàwé Barter Books ní Alnwick, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí ọ̀kan nínú àpótí ìwé àtijọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta àtúntẹ̀ rẹ̀.

Títa àtúntẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fífi í pe ojúlówó lẹ̀ṣẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ rà béèrè ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́ àti bébà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, kó tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á.