Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà (1967–1970): Àwọn Ìtàn tó Ń Takora lórí Ohun tó Fà Á àti Bí Àwọn Oníròyìn Ṣe Gbé E Jáde

Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Ogun Biafra, ni ogun tí ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Yakubu Gowon bá ẹkùn Ìlà-Oòrùn lábẹ́ Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu jà, láti ọjọ́ 6 oṣù Keje 1967 títí di ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1970. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí iye àwọn tó kú. Àwọn kan ní ìdajì mílíọ̀nù ni, àwọn mìíràn ní wọ́n tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Ebi àti àìsàn ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Láti ìgbà náà ni àwọn ológun, olóṣèlú, òǹkọ̀wé àti oníròyìn ti ń sọ ohun tó dá ogun náà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì bára mu. Ohun tó yà wọ́n jù ni ọjọ́ tí kálukú fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kìn-ín-ní 1966 yóò dá ẹnìkan lẹ́bi. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Keje ọdún náà yóò dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Ẹni tó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpàdé Aburi yóò tọ́ka sí ibòmíràn. Àyọkà yìí to àwọn ìtàn náà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì wo bí rédíò, ìwé ìròyìn, ìwé àti sinimá ṣe gbé ogun náà jáde, títí dé Àbújá, olú ìlú tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ogun.

Ohun tí gbogbo ìtàn náà gbà

Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, ẹkùn mẹ́ta ló ní, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń darí ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín ẹ̀yà tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 1962, ẹgbẹ́ Action Group fọ́ sí méjì ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ètò ìkànìyàn 1962 àti 1963 dá ìjà sílẹ̀, ìdìbò àpapọ̀ 1964 sì dàrú. Ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kẹwàá 1965 ló wá di iná sísun àti ìpànìyàn tí àwọn èèyàn ń pè ní Wẹtiẹ títí dòní.

Lóru mọ́jú ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1966, àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gágun kan dìtẹ̀. Wọ́n pa Olórí Ìjọba Abubakar Tafawa Balewa, Sardauna Ahmadu Bello tó jẹ́ Olórí Àríwá, Sámúẹ́lì Ládòkè Akíntọ́lá tó jẹ́ Olórí Ìwọ̀-Oòrùn, mínísítà ètò ìṣúná Festus Okotie-Eboh, àti àwọn ọ̀gágun àgbà bíi Zakariya Maimalari àti Sámúẹ́lì Adémúlẹ́gùn. Ìdìtẹ̀ náà kò yọrí, ìjọba sì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gágun Johnson Aguiyi-Ironsi. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, Ironsi gbé Òfin 34 jáde, èyí tó pa agbára àwọn ẹkùn rẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, àwọn ọmọ ogun Àríwá dìtẹ̀ tiwọn: wọ́n mú Ironsi ní Ìbàdàn, wọ́n sì pa á pẹ̀lú Adékúnlé Fájuyì tó gbà á lálejò. Gowon di olórí. Ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ìlà-Oòrùn, Ìgbò ló pọ̀ jù nínú wọn, ní àwọn ìlú Àríwá. Àwọn tó kù di ẹrù, wọ́n sá padà sílé.

Ní ọjọ́ 4 àti 5 oṣù Kìn-ín-ní 1967, àwọn olórí ológun pàdé ní Aburi, ní Gánà. Àdéhùn ibẹ̀ kò pẹ́ tó fi túká. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, Gowon pín orílẹ̀-èdè sí ìpínlẹ̀ 12. Ní ọjọ́ 30 oṣù kan náà, Ojukwu kéde orílẹ̀-èdè Biafra. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ogun bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn àkọ́kọ́: “Ìdìtẹ̀ àwọn Ìgbò”

Ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kìn-ín-ní 1966, Àríwá ló sì ti rinlẹ̀ jù. Àwọn tó dì í mú ní nínú àwọn ọ̀gágun méje tí wọ́n kà sí òpómúléró ìdìtẹ̀ náà, Yorùbá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Adéwálé Adémóyèga; Ìgbò ni àwọn yòókù. Wọ́n ní wọ́n pa olórí Àríwá àti ti Ìwọ̀-Oòrùn, àmọ́ kò sí ohun tó ṣe olórí Ìlà-Oòrùn àti ti Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, ẹkùn kẹrin tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Wọ́n tún ní Ironsi kò gbé àwọn apànìyàn náà lọ sí ilé ẹjọ́. Lójú wọn, ẹ̀san ni oṣù Keje.

Àwọn tó tako ìtàn yìí ní ẹ̀rí tiwọn. Adémóyèga kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Why We Struck (1981), pé èrò wọn ni láti tú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ lẹ́wọ̀n Calabar kí wọ́n sì fi í ṣe olórí ìjọba. Kò sì sí ìdìtẹ̀ Ìgbò tí yóò fi Yorùbá jẹ olórí. Ìgbò ni Arthur Unegbe tí wọ́n pa lóru náà. Ìgbò ni Ironsi tó pa ìdìtẹ̀ náà kú ní Èkó. Ojukwu pàápàá, tó ń darí ọmọ ogun ní Kano, kò dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ìtàn kejì: ìpakúpa àti Aburi

Ìtàn Biafra bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ń pa èèyàn ní Àríwá. Ó ní nígbà tí ìjọba kò lè dáàbò bo ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ láti wá ibi ààbò lọ. Aburi ni òpó kejì ìtàn yìí. Ojukwu ní Gowon ti gbà pé kí agbára ẹkùn kọ̀ọ̀kan pọ̀ sí i, kí ó tó yẹ àdéhùn nígbà tó padà délé tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àgbà gbà á nímọ̀ràn. “On Aburi we stand” di igbe ogun ní Ìlà-Oòrùn.

Ìjọba àpapọ̀ ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ yóò tú Nàìjíríà ká, àti pé Òfin 8 tí àwọn gbé jáde ní oṣù Kẹta 1967 ti fún àwọn ẹkùn ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n béèrè. Ó ní Ojukwu ló kọ̀ ọ́.

Ìtàn kẹta: àwọn ẹ̀yà kékeré àti epo rọ̀bì

Àwọn mìíràn kò bẹ̀rẹ̀ láti 1966 rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Oloibiri, níbi tí wọ́n ti rí epo ní 1956. Púpọ̀ nínú epo Ìlà-Oòrùn wà lórí ilẹ̀ Ijaw, Ogoni àti àwọn ẹ̀yà kékeré mìíràn. Ní oṣù Kejì 1966, Isaac Adaka Boro ti kéde orílẹ̀-èdè Niger Delta, ọjọ́ 12 péré ni wọ́n fi fọ́ ọ. Nígbà tí ogun dé, ẹ̀yìn ìjọba àpapọ̀ ló jà sí, ojú ogun ló sì kú sí. Òǹkọ̀wé Ogoni, Ken Saro-Wiwa, náà gbè sẹ́yìn ìjọba àpapọ̀. Lójú àwọn wọ̀nyí, ìpínlẹ̀ 12 tí Gowon dá sílẹ̀ ni òmìnira wọn. Lójú Biafra, ọgbọ́n tí wọ́n fi gba epo lọ́wọ́ Ìgbò ni.

Ọ̀rọ̀ epo yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ máa tọ́ka sí Bìrìtéènì, tó ta ohun ìjà fún ìjọba àpapọ̀. Ìjọba Soviet náà ta ọkọ̀ òfuurufú fún wọn. Faransé ran Biafra lọ́wọ́ lábẹ́lẹ̀. Tanzania, Gabon, Ivory Coast, Zambia àti Haiti sì gbà á gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè.

Ìwọ̀-Oòrùn àti ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀

Láàárín Yorùbá àti Ìgbò, Awólọ́wọ̀ ni ìjà náà dá lé. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 1967, ó sọ pé bí wọ́n bá jẹ́ kí Ìlà-Oòrùn bọ́ kúrò nínú Nàìjíríà, Ìwọ̀-Oòrùn náà yóò lọ. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó lọ bá Ojukwu ní Enugu láti pẹ̀tù sí i. Àwọn Ìgbò kan ní ó ṣèlérí, ó sì dà wọ́n. Àwọn Yorùbá dáhùn pé bí ìjọba bá jẹ́ kí wọ́n lọ ni ó sọ, kì í ṣe bí wọ́n bá fúnra wọn lọ. Nígbà tó yá, Awólọ́wọ̀ di kọmíṣọ́nà ètò ìṣúná nínú ìjọba Gowon.

Nínú There Was a Country (2012), Chinua Achebe fẹ̀sùn kan Awólọ́wọ̀ àti Gowon pé wọ́n fi ebi ṣe ohun ìjà, ó sì tún sọ̀rọ̀ lórí pọ́n-ùn 20 tí wọ́n fún ẹni tó ní owó ní báńkì lẹ́yìn ogun, iye yòówù kó ti fi pamọ́. Awólọ́wọ̀ ti fèsì sí ẹ̀sùn wọ̀nyí ní 1983: ó ní àwọn ọmọ ogun Biafra ló ń gba oúnjẹ tí wọ́n ń kó wọ ibẹ̀, àti pé àkọsílẹ̀ báńkì tí wọn ìbá fi san owó kò sí mọ́. Ìwọ̀-Oòrùn ní ìtàn mìíràn tó yẹ kí a rántí pẹ̀lú. Yorùbá ni Victor Bánjọ tó kó ọmọ ogun Biafra wọ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kẹjọ 1967, kí wọ́n tó dá wọn dúró ní Ọ̀rẹ̀; Ojukwu ló ní kí wọ́n pa á. Wọlé Ṣóyínká lọ bá Ojukwu, ó ké sí wọn kí ogun dúró, ìjọba àpapọ̀ sì sọ ọ́ sí àtìmọ́lé títí di oṣù Kẹwàá 1969.

Ogun lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn

Ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ ní iṣẹ́ ọlọ́pàá lásán ni, kì í ṣe ogun. Anthony Enahoro ló ń darí ètò ìròyìn wọn, rédíò sì ń tẹnu mọ́ ọn pé mímú Nàìjíríà dúró ṣinṣin jẹ́ iṣẹ́ tó di dandan. Ní òdìkejì, ohùn Okokon Ndem lórí Radio Biafra ń kéde ìṣẹ́gun kódà nígbà tí ìlú ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá gbọ́ rédíò kan ṣoṣo kò lè mọ ibi tí ogun dé.

Biafra gba ilé iṣẹ́ kan ní Geneva, Markpress, láti máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn òyìnbó. Ní 1968, àwòrán ọmọ tí ebi ti sọ di egungun, tí ikùn rẹ̀ wú, kún ìwé ìròyìn London. Ìwé ìròyìn Life ní Amẹ́ríkà gbé e sí iwájú rẹ̀ ní oṣù Keje. Don McCullin wà lára àwọn tó ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Frederick Forsyth fi BBC sílẹ̀, ó sì kọ The Biafra Story ní 1969. Ìrànlọ́wọ́ àwọn ìjọ Kristẹni ń wọ pápákọ̀ òfuurufú Uli lóru. John Lennon dá àmì ẹ̀yẹ MBE rẹ̀ padà fún ọbabìnrin, ó sì dárúkọ Biafra nínú ohun tó fà á. Àwọn dókítà Faransé tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières sílẹ̀ ní 1971.

Àwòrán wọ̀nyí gba ẹ̀mí là, òótọ́ sì ni ebi náà. Ṣùgbọ́n wọ́n fi apá kan pamọ́. Ọ̀pọ̀ ìròyìn sọ ogun náà di ti Mùsùlùmí tó fẹ́ pa Kristẹni run, bẹ́ẹ̀ Kristẹni ni Gowon, ọmọ ajíhìnrere. Ìyà àwọn ẹ̀yà kékeré nínú Biafra kò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Asaba: ní oṣù Kẹwàá 1967, àwọn ọmọ ogun àpapọ̀ pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó jáde wá kí wọn káàbọ̀. Ayé kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pe àwọn olùwòye ilẹ̀ òkèèrè ní 1968, àwọn olùwòye náà ní àwọn kò rí ẹ̀rí pé àwọn ọmọ ogun àpapọ̀ fẹ́ pa ẹ̀yà kan run. Biafra kò gba àbọ̀ náà gbọ́.

Ìwé àwọn ológun

Lẹ́yìn ogun, àwọn ọ̀gágun bẹ̀rẹ̀ sí í fi gègé jà. Alexander Madiebo sọ ti Biafra ní 1980. Ní ọdún kan náà, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tẹ My Command jáde. Ní 2013, Godwin Alábí-Ìsàmà, tí wọ́n jọ wà ní Third Marine Commando, kọ The Tragedy of Victory láti ta ko ìwé Ọbásanjọ́. Èyí fi hàn pé àwọn tó jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà pàápàá kò sọ ìtàn kan náà.

Àbújá: olú ìlú tí ogun bí

Ogun náà wà lára ohun tó mú kí wọ́n wá olú ìlú tí kì í ṣe ti ẹ̀yà ńlá kankan. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Àgùdà ló dábàá ibẹ̀, òfin rẹ̀ sì jáde ní oṣù Kejì 1976. Lónìí, orúkọ àwọn tí wọ́n pa àti ti ẹni tó darí ogun náà wà lójú pópó ìlú kan náà: Ahmadu Bello Way, Aguiyi Ironsi Street ní Maitama, Ládòkè Akíntọ́lá Boulevard ní Garki, Yakubu Gowon Crescent ní Asokoro. Ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ni ààrẹ ń fi òdòdó sí ibojì ọmọ ogun àìmọ̀. Ọjọ́ tí ogun parí ni. Ọjọ́ tí ìdìtẹ̀ 1966 ṣẹlẹ̀ náà ni.

Àbújá sì ni àríyànjiyàn náà ti ń jáde sí gbangba. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Chukwudifu Oputa, tí Ọbásanjọ́ gbé kalẹ̀ ní 1999, gba ẹ̀sùn ẹgbẹ́ Ìgbò, Ohanaeze Ndigbo, lórí ohun tí ojú Ìgbò rí. Ní 2014, àjọ tó ń yẹ sinimá wò, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá, dá fíìmù Half of a Yellow Sun, tó dá lórí ogun náà, dúró fún oṣù díẹ̀; inú ìwé Chimamanda Ngozi Adichie ni wọ́n ti mú un, Bíyìí Bándélé ló darí rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2017, wọ́n ṣe àpérò ọdún 50 Biafra ní Yar'Adua Centre, Ọbásanjọ́ àti Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì 2025, ní Transcorp Hilton, Ibrahim Babangida, tó jagun náà fún ìjọba àpapọ̀, ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìwé rẹ̀, níbi tó ti kọ ọ́ pé ìdìtẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní 1966 kì í ṣe ti Ìgbò. Ọ̀rọ̀ kan tí ìbá ti wúlò ní 1966 ni, ó gba ọdún 59 kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nínú ìwé.

Ìdájọ́

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo kọ́ ló fa ogun náà. Ìdìtẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní ṣẹlẹ̀, ó sì pa àwọn kan tí wọ́n kò pa irú wọn níbòmíràn. Ìpakúpa ṣẹlẹ̀, ìjọba kò sì dá a dúró. Wọ́n yẹ àdéhùn Aburi, Ojukwu náà sì yan ìyapa nígbà tí ọ̀nà mìíràn ṣì wà. Ìtàn tó bá yọ ọ̀kan nínú wọ̀nyí kúrò ti di ohun ìjà. Àgbà tó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Olùkọ́ àti òbí tó bá ń sọ ogun náà fún ọmọ gbọ́dọ̀ ka Adémóyèga pẹ̀lú Achebe, Madiebo pẹ̀lú Ọbásanjọ́, kí ó sì sọ ti Asaba àti ti ìpakúpa Àríwá lórí ìjókòó kan náà.