Ta Ni Ó Ni Igbó? Igbó Ọba Àpọnmù àti Àtúnṣe Igbó Ọ̀ṣun

Ọ̀nà tí ó so ìlú Àkúrẹ́ mọ́ ìlú Oǹdó gba agbègbè igbó ọba kan kọjá ní Àpọnmù. Lórí ìwé ìjọba, igbó náà sún mọ́ hẹ́kítà 7,000. Ṣùgbọ́n oko kòkó, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgọ́ àgbẹ̀ ti gba ọ̀pọ̀ ibi tí ìwé náà pè ní igbó. Èyí tí ó lókìkí jù nínú ìwọ̀nba tí ó ṣì ṣú bí igbó àtijọ́ ni ilẹ̀ kékeré kan, nǹkan bí hẹ́kítà 32, tí àwọn onímọ̀ nípa igbó ń pè ní Queen's Plot. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gé igi tàbí láti dáko níbẹ̀; ìwádìí nìkan ni ó fàyè gbà. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní ọdún 1981, ti lọ síbẹ̀ léraléra láti ka igi àti láti wọn ìdí rẹ̀, kí wọ́n lè fi wé ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti bà jẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ àtúnṣe irú igbó bẹ́ẹ̀ bá dìde, ọmọ igi tí wọn yóò gbìn ni ó sábà máa ń gba iwájú. Ìtàn fi hàn pé igi gbígbìn kọ́ ni ó ṣòro jù. Ohun tí ó ṣòro ni ìbéèrè kan tí ó ti wà nílẹ̀ láti ayé ìjọba òyìnbó: ta ni ó ni igbó? Òṣogbo ti dáhùn rẹ̀ ní ọ̀nà kan, igbó ọba sì dáhùn rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn.

Olókemejì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ni ìjọba òyìnbó ti kọ́kọ́ pa ààlà igbó ọba ní ọdún 1899. Ní ọdún 1903, H. N. Thompson, tí ó ti ṣiṣẹ́ igbó ní Burma, dé láti di ọ̀gá ẹ̀ka igbó ní Gúúsù Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ tí ó wà ní ìkáwọ́ àwọn ọba àti ìjòyè ń di èyí tí òfin pa ààlà sí, títí dé Olúwa, Ìdànrè, Ọ̀fọ́sù àti Ọ̀wọ̀. Àwọn onílẹ̀ kò pàdánù ohun gbogbo: wọ́n ní ìpín nínú owó gẹdú, ẹ̀tọ́ díẹ̀ sì kù fún ọdẹ àti ẹni tí ń já ewé. Síbẹ̀, ìwé àṣẹ ni ó ń sọ ẹni tí yóò wọlé. "Ọba" tí ó wà nínú orúkọ náà, igbó ọba, kì í ṣe Déjì, kì í sì í ṣe Ọ̀ṣemàwé. Ìjọba ni.

Láti Burma kan náà ni ètò tí wọ́n ń pè ní taungya ti wá. Wọ́n á fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ nínú igbó ọba. Àgbẹ̀ á ṣán an, á gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Wọ́n á gbin ọmọ igi sí àárín rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, nígbà tí igi bá ti ń bo ilẹ̀, àgbẹ̀ á jáde. Lórí ìwé, ètò náà gún régé. Ṣùgbọ́n kòkó ti di ọrọ̀ ilẹ̀ Oǹdó, kòkó kì í sì í ṣe irúgbìn ọdún méjì. Ẹni tí ó gbìn ín ti ń ro ti ọmọ àti ti ọmọ-ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti sọ ilẹ̀ di tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin fi gba oúnjẹ ọlọ́dọọdún, tí ó sì kọ kòkó; ìdí nìyẹn náà tí àwọn mìíràn fi gbin kòkó wọn jìnnà sí ojú ọ̀nà.

Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọdún 1976. Ní ọdún 1978, òfin ilẹ̀ fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ní Olúwa, wọ́n ṣán igbó àdánidá, wọ́n sì gbin mẹ́láínà tí wọ́n fẹ́ máa fi ṣe pépà ní ilé iṣẹ́ Ìwọ̀pin. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ti rò. Igbó tí igi kan ṣoṣo kún inú rẹ̀ lè jẹ́ igbó lójú akọ̀wé; lójú ọdẹ àti oníṣègùn, oko igi ni.

Ti Òṣogbo yàtọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń pìtàn, Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ kó àwọn ènìyàn wọn wá sí etí odò nítorí ọ̀dá omi. Bí wọ́n ti ń ṣán igbó, igi kan wó sínú odò, ohùn kan sì ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ọ̀ṣun ni. Àdéhùn tí ó tẹ̀ lé e ni pé kí wọ́n kúrò létí omi, kí wọ́n sún sókè, kí wọ́n máa bọ ọ́, òun náà yóò sì máa dáàbò bò wọ́n. Ojú ààfin àti ojú ọjà àkọ́kọ́ kù sínú igbó. Ẹni tí kò gba òrìṣà gbọ́ pàápàá lè rí i pé ètò ìlú ni ìtàn yìí: ibi tí ilé yóò dé, ibi tí igbó yóò dúró, àti ohun tí ìhà kìíní jẹ èkejì.

Nígbà tí ó fi di nǹkan bí ọdún 1950, àdéhùn náà ti ń yìnrìn. Ìsìn mìíràn ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn àwòrò ń fi igbó sílẹ̀, ojúbọ ń wó. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń dọdẹ, wọ́n ń gé igi níbi tí ó ti jẹ́ èèwọ̀. Wọ́n ń jí ère gbé, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ sì ti ń fojú sí ibẹ̀.

Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n bí ní Graz ní ọdún 1915, dé Nàìjíríà ní ọdún 1950. Ó di olórìṣà, wọ́n sì ń pè é ní Àdùnní. Àwọn òǹkọ̀wé òkèèrè a máa kọ ọ́ bí ẹni pé òun nìkan ni ó gba igbó náà là. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọba Adénlé, Àtáọ́ja ìgbà náà, ṣe alátìlẹ́yìn. Àwọn àwòrò ni ó mọ ojúbọ kọ̀ọ̀kan àti ohun tí kò gbọdọ̀ yí padà níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú ni iṣẹ́ sì ti jáde: Adébísí Àkànjí tí ó jẹ́ bíríkìlà, Bùráímọ̀ Gbádàmọ́sí agbẹ́kùúta, Kàsálí Àkàngbé agbẹ́gilére, àti àwọn mìíràn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ New Sacred Art.

Ọgbọ́n kan wà nínú iṣẹ́ wọn. Ère igi kékeré ṣeé gbé sá lọ. Nítorí náà, sìmẹ́ńtì, irin àti amọ̀ ni wọ́n fi mọ ère gàgàrà tí kò ṣeé gbé, tí ó sì ń dẹ́rù ba ẹni tí ó bá wá gé igi. Ère di odi igbó. Níbi tí ojúbọ bá ti dìde padà, ó ṣòro fún oníṣòwò ilẹ̀ láti sọ pé ilẹ̀ náà ṣófo. Ẹnìkan lè jiyàn pé àwọn ère wọ̀nyí kò jọ ti àwọn baba ńlá. Síbẹ̀ wọ́n ṣe iṣẹ́ tí gáàdì kò lè ṣe.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ni òfin dé. Ní ọdún 1965, ìjọba kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1992, ó nà án dé gbogbo hẹ́kítà 75. Ní ọdún 2005, UNESCO gbà á sínú àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Irú ewéko tí ó wà níbẹ̀ lé ní 400, àwọn oníṣègùn sì mọ ìlò ohun tí ó lé ní 200 nínú wọn. Lẹ́yìn tí Wenger kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, Àkànjí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò dẹ́kun títún ohun tí òjò bà jẹ́ ṣe. Ohun tí agbára ìlú kò ká ni odò fúnra rẹ̀: àwọn tí ń wa góòlù lókè odò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi Ọ̀ṣun di pípọ́n, ààlà hẹ́kítà 75 kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nítòsí Àkúrẹ́ àti Oǹdó, Òkè Ìdànrè ni ó sún mọ́ ìrírí yìí jù. Àwọn ènìyàn ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí rẹ̀ ní ọ̀rúndún tó kọjá, ṣùgbọ́n ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè, ìlú kò sì gbàgbé rẹ̀. Láti ọdún 2007 ni ó ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé.

Àpọnmù kò ní irú okùn bẹ́ẹ̀. Ìjọba ní ìwé, onílẹ̀ ní ìrántí, yunifásítì ní iye igi, àgbẹ̀ sì ní kòkó tí ó ń so lọ́wọ́. Ní ayé taungya, wọn kì í bi àgbẹ̀ léèrè irú igi tí yóò wù ú láti bá gbé. Kòkó sì fẹ́ràn ìbòji: afàrà àti ìrókò lè dúró láàárín rẹ̀ láìpa á lára, bí ẹni tí ó ni oko bá mọ̀ pé wọn kò ní fi igi náà lé òun jáde. Lórí igi tí yóò dúró nínú oko, àti lórí ẹni tí yóò ni ín nígbà tí ó bá tó gẹdú, ni ìpàdé Àpọnmù ti lè bẹ̀rẹ̀.